Tẹmómítà Abẹ́ Abíyá fún Ọmọ Tuntun: Ohun Tí Mo Rí Nínú Lílò Rẹ̀ fún Oṣù Mẹ́ta

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò tóbi ju bíró ìkọ̀wé lọ. Tẹmómítà oníbátìrì ni, irú èyí tí wọ́n ń fi sí abẹ́ abíyá, tí ẹnu rẹ̀ rọ̀ bíi rọ́bà, tó sì ní ojú kékeré kan lára níbi tí nọ́ńbà ti máa ń hàn. Mo rà á ní ₦2,500 ní ilé ìtajà oògùn kan ní Mókólá, ní Ìbàdàn, nígbà tí oyún mi wà ní oṣù kẹjọ, mo sì tì í sínú báàgì tí mo fẹ́ gbé lọ sí ilé ìwòsàn láìmọ̀ pé òun ni yóò wúlò jù lọ nínú gbogbo ẹrù tó wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ wa ti pé ọjọ́ mọ́kànlá ni a ti ń lò ó, ó sì ti lé ní oṣù mẹ́ta báyìí, nítorí náà ohun tí mo ń kọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọjà sílẹ̀ lánàá. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n tẹmómítà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ilé wa ní alẹ́ ọjọ́ tí ara ọmọ náà gbóná, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì lò, ibẹ̀ ni mo ti mọ ìyàtọ̀ wọn.

Èyí tí mo rà yìí ni ọ̀kan. Èkejì ni oníbọn, èyí tí wọ́n máa ń nà sí iwájú orí láìfọwọ́ kan ara, irú èyí tí wọ́n ń nà sí gbogbo wa ní ẹnu ọ̀nà báǹkì àti ṣọ́ọ̀ṣì nígbà àrùn kòrónà ní ọdún 2020. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ló fi ta wá lọ́rẹ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, owó rẹ̀ sì tó ìlọ́po méje owó tèmi. Ẹ̀kẹta ni onígíláàsì tó ní mẹ́kúrì nínú, èyí tí ìyá ọkọ mi gbé wá láti Ìsẹ́yìn nínú agolo bisikíìtì kan, pẹ̀lú àdí, òrí àti kàn-ìn-kàn-ìn tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ. Wọ́n ní òun ni wọ́n fi ń wo ìgbóná ara ọkọ mi nígbà tó wà lọ́mọdé.

Oṣù kẹta ọdún ni, ooru mú, kò sì sí iná. A ti wẹ ọmọ ní ìrọ̀lẹ́, a fi òrí pa á lára, a fi ṣọ́ọ̀lù olówùú wé e, a dé fìlà fún un, a wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ọmọ tuntun nílẹ̀ wa kí òtútù má baà wọ̀ ọ́ lára. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, mo gbé e sí ọmú, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sílẹ̀, ó sùn lọ. Mo tún gbé e sí i, kò tilẹ̀ ya ẹnu. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn, nítorí pé ọmọ náà kì í fi ọ̀rọ̀ ọmú ṣeré rárá. Ìgbà tí mo wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó gbóná. Mo pe ìyá ọkọ mi. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan orí rẹ̀, wọ́n fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní, “Ìyàwó, ooru omi ìwẹ̀ ló ṣì wà lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, kì í ṣe ibà.”

Oníbọn ni ọkọ mi kọ́kọ́ sáré mú, torí pé òun ló wà nítòsí, kò sì ní jẹ́ ká jí ọmọ. Ó bọ́ fìlà ọmọ, ó nà án sí iwájú orí rẹ̀, ó kọ 36.4. Ó tún nà án, ó kọ 37.9. Ó nà án lẹ́ẹ̀kẹta, ó kọ 36.9, gbogbo rẹ̀ kò sì ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọkọ mi, tó jẹ́ oníṣirò owó, ní ká mú èyí tó wà láàárín. Màmá gbọn onígíláàsì tiwọn jìgìjìgì, wọ́n fi sí abẹ́ abíyá ọmọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ kà á, ìmọ́lẹ̀ fóònù ń tàn padà lára gíláàsì náà débi pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí okùn fàdákà inú rẹ̀ dúró sí. Màmá ní 37 ni, ọkọ mi ní 38 ni. Níbi tí wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, díẹ̀ ló kù kó já bọ́ sílẹ̀. Nígbà náà ni mo rántí báàgì. Mo nu abẹ́ abíyá ọmọ gbẹ, mo fi tẹmómítà kékeré náà sí i, mo di apá rẹ̀ mọ́ra, mo sì dúró títí ó fi dún. 38.2°C.

A bọ́ ìbọ̀sẹ̀ àti ṣọ́ọ̀lù kúrò lára ọmọ, a fi ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀, a sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a lè mọ̀ bóyá aṣọ ló pọ̀ jù. Ó wá kọ 38.3. Ìyá ọkọ mi bínú díẹ̀ sí ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní, “Ṣé èmi tí mo tọ́ ọmọ mẹ́fà ni nǹkan oníbátìrì yóò wá kọ́ níṣẹ́?” Mi ò dá wọn lóhùn. Mo kàn na tẹmómítà náà sí wọn kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wo ojú ọmọ, wọ́n tún wò ó, lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n mú ìborùn, wọ́n ní, “Bàbá ọmọ, lọ ṣí mọ́tò.” Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọjà yìí ti ṣe fún wa, èyí ni mo kà sí pàtàkì jù. Ọwọ́ ìyá àgbà mọ̀ pé nǹkan gbóná, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí ó ti gbóná tó, ọwọ́ ìyàwó ilé kò sì lè jà mọ́ ọwọ́ ìyá ọkọ. Nọ́ńbà kò ní ọjọ́ orí, kò sì ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, tẹmómítà kan tó jọ tèmi bí ìbejì ni nọ́ọ̀sì yọ nínú àpò rẹ̀, òun náà sì rí 38.3. Ó bá wa wí nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a fi dúró. Ó ní bí ara ọmọ tuntun bá gbóná díẹ̀ lábẹ́ aṣọ tó pọ̀, tó sì ń mu ọmú dáadáa, a lè tú u sílẹ̀ kí a tún un wò, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti kọ ọmú kò yẹ kó dúró de ohunkóhun nílé. Ní ti ẹsẹ̀ tó tutù, ó ní ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ọmọ tuntun lè tutù bí omi kí inú ara rẹ̀ sì máa gbóná janjan. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ (mi ò lè wo èyí, ìyá ọkọ mi ni wọ́n dúró tì í), wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àrùn kí èsì àyẹ̀wò tó jáde, nítorí pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ kì í fún ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá láyè. Dókítà sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí ìwọ́ ni kòkòrò ti wọlé. A ti dáwọ́ jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí wọ́n fún wa fún ìwọ́ náà dúró lẹ́yìn ọjọ́ kejì, nítorí pé a rò pé ó ti gbẹ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a lò níbẹ̀ kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀.

Kí ẹ tó ra irú tẹmómítà yìí, ẹ mọ àwọn nọ́ńbà tí ẹ ó máa wá lójú rẹ̀, nítorí pé ìwé inú páálí rẹ̀ kò sọ wọ́n fún ẹni tó bí ọmọ tuntun. Bí a bá wọ̀n ọ́n lábẹ́ abíyá, ìgbóná ara ọmọ tuntun tó wà ní àlàáfíà máa ń wà láàárín 36.5 àti 37.5. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lórí ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ abíyá jẹ́ àmì pé àìsàn tó le lè wà lára rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ ni pé ìlànà yẹn kan náà ka ara tó tutù ju 35.5 lọ sí àmì ewu, nítorí pé ara ọmọ tuntun mìíràn kì í gbóná rárá bí àrùn bá mú un. Ńṣe ni yóò máa tutù. Ọ̀pọ̀ dókítà ni kò ní gbà kí òbí dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ bí ó bá ti pé 38 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, kódà bí ọmọ náà bá ń rẹ́rìn-ín.

Lílò rẹ̀ rọrùn, àmọ́ ibi tó rọrùn yẹn náà ni ènìyàn ti lè ṣì í lò. Abẹ́ abíyá gbọ́dọ̀ gbẹ, torí pé òógùn máa ń mú nọ́ńbà wálẹ̀. Ẹnu tẹmómítà gbọ́dọ̀ wọ inú kòtò abíyá gan-an kó kan awọ ara, kì í ṣe ẹ̀wù, kí a sì di apá ọmọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí títí yóò fi dún. Àkókò tó dára jù fún èyí lọ́wọ́ tèmi ni ìgbà tí ọmọ bá ń mu ọmú tí apá rẹ̀ kan sì wà lábẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n apá tó jìnnà sí ara mi ni mo máa ń lò kí ooru ara tèmi má baà kún tirẹ̀. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omi gbígbóná, mo máa ń fún un ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bí ó bá kọ “Lo”, ẹ má fòyà kí ẹ tó wo ibi tí ẹnu rẹ̀ wà: ohun tó túmọ̀ sí ni pé ohun tó kàn kò tó 32, ó sì lè jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló kàn. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a ti ilé ìwòsàn dé, mo ń wọ̀n ọ́n ní wákàtí wákàtí, títí nọ́ọ̀sì kan fi sọ fún mi lórí fóònù pé kí n jẹ́ kí ọmọ sùn.

Kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra oníbọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi tàn wá. Ìtànṣán ooru tó ń jáde láti ara awọ ni ẹ̀rọ yẹn ń gbà, ó sì ń ti ara rẹ̀ ṣírò ohun tí inú ara yóò jẹ́. Bí ó bá jìnnà ju bí ó ti yẹ lọ, bí òógùn bá wà níwájú orí, bí fìlà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ọmọ, bí fáànù bá ń fẹ́ sí i, tàbí bí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yàrá tútù bọ́ sínú yàrá gbígbóná, nọ́ńbà rẹ̀ yóò yàtọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, fìlà ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ọkọ mi sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ bí ó ti ń nà án sí i. Lẹ́yìn náà ni mo tún wá rí i pé bọ́tìnì kan wà lára rẹ̀ tó ń yí i padà láti orí wíwọn ara ènìyàn sí orí wíwọn nǹkan mìíràn bí omi tàbí oúnjẹ, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó wà lórí rẹ̀ nígbà náà. Omi ìwẹ̀ ọmọ ni mo fi ń wọ̀n báyìí, ó sì ń ṣe ìyẹn dáadáa. Fún ọmọ tó ti ń sáré kiri ilé tí kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni di apá òun mú, mo rò pé yóò wúlò. Fún ọmọ tí nọ́ńbà kékeré kan lè sọ bóyá yóò sun ilé ìwòsàn, mi ò gbà á gbọ́.

Ti onígíláàsì kò gùn. Ó péye nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fọ́ nínú yàrá ọmọ, mẹ́kúrì inú rẹ̀ yóò fọ́n ká bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 2013, ti fi ọdún 2020 ṣe òpin ṣíṣe irú tẹmómítà bẹ́ẹ̀ àti kíkó o láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Tiwa ti padà sínú agolo bisikíìtì, Màmá kò sì jẹ́ kí n sọ ọ́ nù nítorí ọkọ mi. Mo fi rọ́bà di ìdérí rẹ̀, mo gbé e sí orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Àwọn tó wà lókè òkun yóò gbọ́ ìmọ̀ràn tó yàtọ̀ síra lórí ibi tó yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, èyí sì dá ìjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi, àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ọ̀rẹ́ mi kan tó bímọ ní Houston. Àbúrò mi ní abẹ́ abíyá ni wọ́n kọ́ òun, pẹ̀lú tẹmómítà oníbátìrì, òótọ́ sì ni, nítorí pé ohun tí ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ nìyẹn fún ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi ní ihò ìdí ni dókítà sọ fún òun, ìyẹn náà sì jẹ́ òótọ́, torí pé àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbà pé ibẹ̀ ló péye jù fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ẹnu tẹmómítà tèmi rọ̀ tó láti lò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí òṣìṣẹ́ ìlera kò bá kọ́ bí a ti ń ṣe é lè pa ọmọ lára, nítorí náà abẹ́ abíyá ni mo dúró sí. Gbogbo wa ṣọ̀kan lórí pé kò yẹ kí a lo èyí tí wọ́n ń fi sínú etí fún ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ihò etí rẹ̀ ṣì há jù.

Ohun kan wà tí tẹmómítà yìí kò lè ṣe, owó yòówù kí a fi rà á. Ó lè kọ 37.1 kí ọmọ sì máa kú lọ. Ọmọ tó bá kọ ọmú, tí gìrì gbé, tí èémí rẹ̀ tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tó fara balẹ̀, tí àyà rẹ̀ ń wọ inú bó ti ń mí, tàbí tí kì í mira àyàfi bí a bá fọwọ́ kàn án, ilé ìwòsàn ló yẹ kí a gbé e lọ láìwo nọ́ńbà kankan. Tẹmómítà kì í sì í ṣe oògùn. Ẹni tó tà á fún mi ní Mókólá ní kí n kúkú mú ìgò parasitámọ́ọ̀lù olómi kan mọ́ ọn, “kí ẹ má baà máa sáré kiri lóru”, ìyẹn gan-an sì ni ohun tí kò yẹ kí a ṣe fún ọmọ tuntun láìjẹ́ pé dókítà rí i, nítorí pé ara yóò rọ̀, àrùn yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Àwọn tó ti dàgbà nínú wa kò ní gbàgbé ọdún 2008, nígbà tí oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí parasitámọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, pa àwọn ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà nítorí pé diethylene glycol, èròjà olóró tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ti wọ inú rẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí òrí tàbí àdí tí wọ́n fi pa ọmọ lára. Dída àdí tàbí àgbo sí i lẹ́nu ni mi ò gbà, bẹ́ẹ̀ náà ni omi tútù àti sípírítì tí àwọn kan fi ń nu ara ọmọ kí ooru lè lọ: omi tútù lè mú kí ara rẹ̀ tutù kọjá ààlà, sípírítì sì ń gba awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ó ku àwọn àbùkù ọjà náà. Dídún rẹ̀ kéré jù. Bí ọmọ bá ń sunkún tàbí tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké, ẹ kò ní gbọ́ ọ, ẹ ó sì yọ ọ́ kí ó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò, nítorí pé àmì dígíríì tó ń ṣẹ́jú yóò dáwọ́ dúró bí ó bá ti parí. Ojú náà kò sì ní iná, èyí tó jẹ́ ìwà ìkà fún ohun tí a sábà máa ń lò lóru ní ìlú tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní iná. Ara páálí ni wọ́n kọ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí, ṣùgbọ́n lábẹ́ abíyá ọmọ, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú kan. Bí a bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀ pẹ́ nígbà tí a bá ń tàn án, ó lè yí padà sí Fahrenheit: ní ọjọ́ kan ọkọ mi rí 98.2, ó sì pariwo tí aládùúgbò fi kan ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ 36.8 lásán ni. Ẹni tó bá ń lo ti Fahrenheit, 100.4 ni 38 tiwa. Bátìrì LR41 tó ń lò, tó dà bí bọ́tìnì ẹ̀wù, kò ṣòro láti rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń fi í sí le láti ṣí, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ mìíràn nínú ilé rí bátìrì náà gbé mì. Omi gbígbóná kò yẹ ẹ́. Owú pẹ̀lú sípírítì díẹ̀ ni mo fi ń nu ẹnu rẹ̀.

Ohun tó dára lára rẹ̀ ni pé ó máa ń rántí nọ́ńbà tó kọ gbẹ̀yìn, ó máa ń pa ara rẹ̀ bí a bá gbàgbé rẹ̀, ó sì ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà tí mo fi dán an wò kí ọmọ tó dé ni pé mo wọn ara mi fún ọjọ́ mẹ́ta ní òwúrọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá rà á ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ayédèrú kún ìta, èyí tí wọ́n sì ń tà lórí àtẹ nínú oòrùn ọ̀sán ti lè bàjẹ́ kó tó dọ́wọ́ yín. Ẹni tó tà á fún mi kò ṣí páálí rẹ̀ kó fi bí a ti ń lò ó hàn mí. Nígbà tí mo fẹ́ ra èkejì, ilé apòògùn mìíràn ní Bódìjà ni mo lọ, ₦3,200 ni mo san, ṣùgbọ́n arábìnrin apòògùn tó wà níbẹ̀ tàn án, ó dì í mọ́ abíyá ara rẹ̀, ó fi 36.6 hàn mí, ó sì béèrè ọjọ́ orí ọmọ mi kó tó gba owó.

Èkejì yẹn, Ìsẹ́yìn ló wà báyìí. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n ní kí n ra tiwọn kí wọ́n tó padà sílé, wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ara rẹ̀ sì di 37.7 ní alẹ́, àwọn ni mo kọ́kọ́ pè, ohun tí wọ́n béèrè kí wọ́n tó kí mi ni pé, “Ṣé ó ń mu ọmú? Ṣé o nu abíyá rẹ̀ gbẹ kí o tó wọ̀n ọ́n?” A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé abẹ́rẹ́ náà ni, a sì padà sílé.

Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Méjì tí mo yọ, ọ̀kan wà fún dídún rẹ̀, ọ̀kan sì wà fún ojú rẹ̀ tí kò ní iná.